Mọ́tò tí Sákéù Rà Lọ́wọ́ Ọmọ Ilé

Mo fi ọjọ́ orí mi búra, mo sì fi ojú mi méjèèjì tí mo fi ń kọ̀wé láìlo awò ojú búra, pé kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bù mọ́ ọn, kí bírò gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìkàrẹ́ mọ̀ pé n kò jókòó níwájú tíṣà kankan rí. Ara bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé, èmi nìkan, síbẹ̀ àwọn tó ti Yunifásítì Àkùngbá jáde ń wá bi mí ní ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀ kí ẹ gbọ́.

Ìtàn Zacchaeus ni, awakọ̀ tí gbogbo garéèjì Ìkàrẹ́ ń pè ní Sákéù. Kì í ṣe ọmọ Ìkàrẹ́. Ìlú rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn òkè, ìlú kékeré tó ní èdè tirẹ̀, tí ará Ìkàrẹ́ kò gbọ́, tí ará Ọ̀kà kò gbọ́, tí ìlú tó bá wọn pààlà pàápàá kò gbọ́. Ẹ̀yin ará Àkókó mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀, wọ́n pọ̀ láàárín wa. Mo mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ibẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́. Àwọn tó ń sọ èdè náà kò tó nǹkan mọ́. Tí méjì nínú wọn bá ṣe kòńgẹ́ ní òde, ńṣe ni wọ́n máa ń dìrọ̀ mọ́ra wọn bí ẹni tí ìyá kan náà bí. Láti kékeré ni bàbá Sákéù ti kìlọ̀ fún un: ẹni tó bá ti ń sọ èdè ilé, kò gbọdọ̀ bi í ní ìbéèrè àlejò, kò gbọdọ̀ ná ọjà mọ́ ọn lójú, kò sì gbọdọ̀ tú ẹrù rẹ̀ wò. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pe ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ ní olè. Sákéù gba ọ̀rọ̀ yìí bí ó ṣe gba oúnjẹ.

Ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Àkùngbá sí Ọ̀kà ló ti lo ayé rẹ̀. Mọ́tò Alhaja Tàwàkálítù, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìkàrẹ́, ló ń wà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Kò ní mọ́tò tirẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti Ògbàgì títí dé Ọ̀bà, kò sí ẹni tó mọ inú mọ́tò tó o. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dúró sí òdìkejì títì, tó fa imú lẹ́ẹ̀kan péré, tó ní, "Èyí tó ń bọ̀ yẹn ti mu omi yó rí." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra àlòkù mọ́tò lọ́wọ́ aládàáni, Sákéù ni yóò kọ́kọ́ wá pè. Nígbà tí Alfa Anwar, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Ọ̀kà, fẹ́ ra ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan lẹ́yìn ọjà Ìkàrẹ́, òun náà ló mú lọ. Onímọ́tò ti fọ mọ́tò rẹ̀, ó ń dán bí bàtà ọjọ́ Iléyá. Sákéù kò tilẹ̀ wo kíkùn ara rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọwọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì.

"Ó gbóná," ló wí. "Ta ló ti ń wà á kiri kí a tó dé?"

"Mo kàn gbé e jáde díẹ̀ ni, kí ẹ lè bá a ní ìmúrasílẹ̀."

"Ṣé ìyàwó ni? Ẹ́ńjìnnì tó bá lárùn, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló máa ń wúkọ́. Ẹ ti yáa fún un lágbo mu kí dókítà tó wọlé."

Alfa Anwar bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Sákéù ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó ti imú bọ abẹ́ rẹ̀. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, ó fi èékánná ha á, erùpẹ̀ gbígbẹ sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Alfa, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mọ́tò yìí ti wẹ ìwẹ̀ jánábà, inú odò ló sì ti wẹ̀ ẹ́."

Irú ẹni tí Sákéù jẹ́ nìyẹn. Ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá mú un dání pé: ẹ má ṣe dá lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pàdé yín lójú títì, ẹ dé ilé onímọ́tò, kí ẹ bi aládùúgbò rẹ̀ irú èèyàn tó jẹ́, ẹ má ṣe sanwó kí ìwé tó pé sí yín lọ́wọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá dáa tán, ẹ gbé e gun òkè Ọ̀kà. Òkè yẹn kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ó ga débi pé ìkùukùu máa ń dúró sinmi lórí rẹ̀, mo ti rí mọ́tò tó dé àárín rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Èyí tó bá gùn ún dé orí láìmí gúlegúle, ẹ rà á.

Nígbà tó yá, Alhaja Tàwàkálítù ta mọ́tò rẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Sákéù di ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ní garéèjì. Ọkùnrin tó ti hu ewú, ó wá ń bẹ àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní mọ́tò wíwà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn gbé èrò dé Àkùngbá lẹ́ẹ̀kan. Ohun kan ṣoṣo tó ní láyé ni oko kòkó tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Zipporah. Zipporah ti ṣe opó tipẹ́, ilé ló wà. Inú oko yẹn ló ti ń jẹun, òun náà ló sì fi ń tọ́ Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ní Yunifásítì Àkùngbá. Ni Sákéù bá gba ilé lọ pé kí àwọn ta oko, kí òun fi ra mọ́tò.

"Sákéù, oko yìí ni ọkọ mi," ni Zipporah wí. "Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ti kú. Ṣé o fẹ́ pa ìkejì ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kòkó náà ti gbó. Mọ́tò á máa so lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Ohun tí mo bá rí, tiwa ni. Ilé-ìwé Ayọ̀midọ̀tun, ọrùn mi ló wà."

"Tí mọ́tò bá wá kú ńkọ́?"

"Èmi? Èmi Sákéù ni mọ́tò máa kú mọ́ lọ́wọ́? Ẹ lọ bi wọ́n wò ní Ìkàrẹ́!"

Zipporah tẹjú mọ́lẹ̀ títí. Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fa ilà sí erùpẹ̀.

"Lọ tà á," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé kò sí nǹkan míì lẹ́yìn rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi, a ti wọ inú mọ́tò rẹ nìyẹn."

Sákéù wá mọ́tò kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Ó kọ eléyìí nítorí èéfín, ó kọ tọ̀hún nítorí pé onímọ́tò kò fẹ́ fi ilé rẹ̀ hàn án. Níkẹyìn ni wọ́n ta á lólobó pé ọ̀kan wà ní Ọ̀kà. Ó mú Hafeez dání, mẹ́káníìkì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dàgbà díẹ̀ jù ú lọ, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Ẹni tó jáde sí wọn pe ara rẹ̀ ní Paul. Ó mọ́ tónítóní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Yorùbá tó dán mọ́rán ló sì fi kí wọn. Mọ́tò aláwọ̀ eérú wà lábẹ́ igi máńgòrò. Hafeez ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sákéù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti di etí kápẹ́ẹ̀tì mú, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Zipporah ni. Ó fi èdè ilé dá a lóhùn pé òun ti débẹ̀, pé òun ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́. Bí ó ti ń ti fóònù bọ àpò, ó gbọ́ ohùn lókè orí rẹ̀ tó fi èdè ilé sọ pé:

"Ẹ bá mi kí wọn nílé."

Kápẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ Sákéù.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ bá mi kí wọn nílé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò mọ̀ pé ọmọ ilé ni mí? Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ni mo ti ń wò yín. Mo ní, ojú yìí, ojú ilé ni."

Kò sí àbùkù kankan nínú èdè náà. Paul ń dárúkọ àpáta tí wọ́n ń sá kòkó sí, ó ń dárúkọ odò tí àwọn ọmọkùnrin ti ń kọ́ ìwẹ̀, ó sín obìnrin kan jẹ, obìnrin tó ti kú tipẹ́ tó máa ń lé wọn nídìí igi ọsàn rẹ̀, débi pé Sákéù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láàárín àwọn tó ń sọ èdè míì ló ti ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wa mọ́tò. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gbé ilé wá bá a ní Ọ̀kà.

"Ẹ máa sọ Yorùbá o!" Hafeez kígbe láti iwájú mọ́tò. "Àbí èmi lẹ ń tà?"

"Ọmọ ilé mi ni, Hafeez! Ọmọ ilé mi!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ ilé rẹ wá bá mi ká kápẹ́ẹ̀tì."

Paul kò bínú. Ó kàn wo Sákéù tìbànújẹ́tìbànújẹ́, ó sì rọra fi èdè ilé sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó wá di kí ará Ìkàrẹ́ máa bá wa tú ara wa wò?"

Ojú ti Sákéù. Ó rí bàbá rẹ̀ bí ẹni pé ó dúró sí ìdí igi máńgòrò níbẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, Hafeez."

"Kí n fi kí ni sílẹ̀?"

"Kápẹ́ẹ̀tì. Kò yẹ bẹ́ẹ̀."

"Sákéù, ṣé orí rẹ pé?"

Hafeez ní kí wọ́n gbé e gun òkè. Paul ní epo inú rẹ̀ kò tó gun òkè, kí wọ́n jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ sí ilé-epo nísàlẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun fi ojú ara rẹ̀ rí bó ṣe ń sáré. Sákéù wà á sọ̀kalẹ̀. Ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí àwòdì tó na ìyẹ́. "Ó dáa! Ó dáa gan-an ni!" ni Sákéù ń wí.

"Mọ́tò wo ni kì í dáa tó bá ń sọ̀kalẹ̀?" Hafeez dáhùn láti ẹ̀yìn. "Òkúta tó wà lókè yẹn, tí o bá tì í, á ṣáájú wa délẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ra epo tán, Sákéù ní òun ti rí i tó, kò gbé e gun òkè mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé délẹ̀, Paul ní èyí tó kù wà lọ́wọ́ àbúrò òun ní Àbújá, yóò fi ránṣẹ́. Àbí ọmọ ilé máa fi ìwé ọmọ ilé pamọ́ ni? Sákéù kò ná ọjà. Ohun tí ọkùnrin náà pè é ló san, gbogbo oko ìyá rẹ̀ sì kọjá sí ọwọ́ Paul ní ilé-epo yẹn. Hafeez kọ̀, kò bá a wọ mọ́tò náà padà. Ọ̀kadà ló gùn dé Ìkàrẹ́.

Mọ́tò náà ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Àkùngbá kò le púpọ̀, Sákéù ń kó èrò lọ, ó ń kó èrò bọ̀, ó ra ìwé àti bàtà fún Ayọ̀midọ̀tun. Àmọ́ tí oòrùn bá ti mú, òórùn kan máa ń yọ láti abẹ́ ìjókòó, òórùn ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà. Iná iwájú a máa ṣẹ́jú, a sì tún là padà. Sákéù ra káńfọ̀, ó dà á sí abẹ́ ìjókòó. Imú rẹ̀ mọ̀. Imú tí gbogbo Àkókó ń yá lò mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọkàn rẹ̀ ló ní kí imú dákẹ́.

Hafeez rí i ní garéèjì, ó ní, "Gbé e wá kí n ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn, láìgba kọ́bọ̀."

"Mọ́tò mi kò ṣàìsàn."

"Káńfọ̀ ń run lára rẹ bí aṣọ inú àpótí ìyá àgbà, o ní kò ṣàìsàn."

Sákéù kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan, Zipporah wá láti ilé. Ó ní òun fẹ́ wọ mọ́tò tí òun fi oko rà, òun sì fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ilé tó ṣe wọ́n lóore. Ó gbé iṣu dání, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kékeré kan, ó jókòó síwájú, ó sì gbé epo náà lé itan. Wọ́n yà kí Ayọ̀midọ̀tun ní Àkùngbá, wọ́n wá kọjú sí Ọ̀kà. Èdè ilé ni wọ́n ń sọ lọ.

"Paul yìí, ọmọ ta ni?" Zipporah béèrè.

"Ọmọ ilé ni."

"Mo gbọ́. Ọmọ ta ni nílé?"

Sákéù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jìnnà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ máa ń bi ọmọ ilé léèrè bẹ́ẹ̀ ni?"

"Àdúgbò wo ni wọ́n?"

"N kò bi í."

Zipporah kàn di epo rẹ̀ mú dáadáa.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ọ̀kà. Wọ́n ti dé ibi tó ga jù nígbà tí gbogbo iná ojú mọ́tò tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo rẹ̀ sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Sákéù tẹ búrékì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó fa búrékì ọwọ́, ìyẹn sì tú bọ́ sí i lọ́wọ́ bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fà nínú ilẹ̀ tútù. Zipporah kò kígbe. Orúkọ ìyá wọn ló pè. Wọ́n fi ẹ̀yìn lọ gbá àpáta etí ọ̀nà, mọ́tò yí bírí, apá ibi tí Zipporah jókòó sí sì run wọlé.

Nígbà tí Sákéù yí sí i, pupa ni gbogbo rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ nù ún, ó ń nù ún, kò mọ èyí tó jẹ́ epo, kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Hafeez ni wọ́n fóònù pè. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti gbé Zipporah lọ sí ọsibítù, òun ló fa kápẹ́ẹ̀tì náà tu nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, tó ká a jù sí etí títì níṣojú Sákéù. Ẹrẹ̀ odò ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti gbẹ tó sì ti là, ìkarahun ìgbín odò kéékèèké sì há sínú rẹ̀. Àwọn wáyà ti di àwọ̀ ewé, wọ́n ń rún sọ́wọ́. Àkúnya omi ibìkan ló ti gbé mọ́tò yẹn mì, wọ́n sì fà á jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kùn ún.

"Ìṣẹ́jú kan," ni Hafeez wí. "Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí."



Hafeez lọ sí ilé tó ní igi máńgòrò. Onílé ní ayálégbé ni Paul, kò sì sùn níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti ta mọ́tò. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ará Àkókó. Tíṣà ni, ìlú Sákéù ni wọ́n gbé e lọ kọ́ni nígbà náà, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ sì ti gbọ́ èdè. Onílé ní òun ti gbọ́ tí ọmọkùnrin náà ń fi èdè ìlú míì tan ẹlòmíì jẹ rí. Wọ́n fi ẹjọ́ sun àwọn ọlọ́pàá, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò sì tíì rí i títí di òní. Bóyá Paul pàápàá kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ Zipporah kan lókè orúnkún. Ẹni tó ra oko ti gé kòkó náà lulẹ̀, pákí ló gbìn síbẹ̀. Ayọ̀midọ̀tun kúrò ní yunifásítì, búrẹ́dì ló ń gbé kiri báyìí ní garéèjì Ìkàrẹ́, níwájú bẹ́ńṣì tí àbúrò ìyá rẹ̀ jókòó sí. Á gbé e kọjá láìwo ibẹ̀. Sákéù ta òkú mọ́tò náà fún àwọn tó ń ra irin. Ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́ láti bá wọn yẹ mọ́tò wò.

Ó gbìyànjú láti lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ó ra oúnjẹ dání, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi èdè ilé kí i. Zipporah wà lórí àpótí, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti bí wọn, àwọn méjèèjì kò fi èdè míì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Zipporah gbójú sókè, Yorùbá ló fi dá a lóhùn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ wá rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni," ni Sákéù wí ní èdè ilé.

"N kò gbọ́ èdè yẹn, sà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ jókòó."

Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yípadà. Ó ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Yorùbá náà ni wọ́n fi ń kí i, sà náà ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bá Hafeez. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó ṣì ń tún mọ́tò ṣe ní Ìkàrẹ́. Òun ló fi mọ́tò gbé Sákéù lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tí Zipporah pè é ní sà. Ẹ sọ fún Hafeez pé èmi ni mo ní kí ẹ bi í.